Ṣé A Ti Sọ̀?

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti dì wọ́n bí ẹrù.
Ìdáyàt wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra wọn
torí àpótí ti kún, òṣùwọ̀n bàálù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Bàbá wọn ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ láti ọjọ́ Ajé,
òun àti bẹ́ẹ̀dì, odó, fíríìjì, kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà.
Àwọn ẹlẹ́mìí ló fi sílẹ̀ fún èmi.

Ọyẹ́ ti fi aṣọ bo pápá ọkọ̀ òfúrufú Yola.
Wọ́n ní ká dúró. A dúró.
Wọ́n ní ó ku díẹ̀. Díẹ̀ bímọ, ọmọ rẹ̀ náà bímọ.
Ṣàkírù jẹ bisikíìtì òkè tán sórí ilẹ̀,
ó tọ̀ sára aṣọ tí mo tọ́jú de ìyá ọkọ mi,
ó wá sùn, gẹ́lẹ́ tí wọ́n pè wá.

Mo pọ̀n ọ́n. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ní wọn kì í pọn ọmọ jókòó.
Mo tú u. Ó jí.
Ẹkún tó bú lórí àtẹ̀gùn yẹn,
ẹni tó wà ní Numan á gbọ́ ọ.

Ta ló ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra?
Kó wá jókòó sáàárín èmi àti alájì tó ga tó sanra,
ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ní ìhà mi,
orúnkún Ìdáyàt ní ikùn mi.

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.
Ṣàkírù so mọ́ mi lọ́rùn: “Inna, zan sauka! Zan sauka!”
Èdè àgbàlá tí a fi sílẹ̀ lówùúrọ̀ ló fi ń bẹ̀ mí.
Alájì dá a lóhùn lédè kan náà, wẹ́rẹ́,
pé àwọsánmà kò ní ibùdókọ̀, kó ní sùúrù.
Ìdáyàt kò sọ nǹkan kan. Ó bì.
Ó bì sínú àpò bébà, àpò kún,
ó bì sínú fìlà
tí ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí, tó nà sí i.
N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ṣì ń ṣàdúà fún un.

Àbújá, a sọ̀, a dúró, a tún gùn.
Ìkẹjà, àpótí kan kò dé,
èyí tí bàtà gbogbo wa wà nínú rẹ̀.

Òru la wọ Ẹ̀pẹ́.
Ní Òkè-Balógun, ìyá ọkọ mi gbé tọ́ọ̀ṣì jáde.
“Ẹ kú ewu ọ̀nà,” ó ronú díẹ̀, “ẹ kú ewu òkè.”
Kò wo aṣọ mi. Ó gbá Ìdáyàt mú,
ó ń bọ́ súwẹ́tà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú ẹ̀kọ,
títí ó fi kan ọmọ.
Ó bu ọbẹ̀ òbòkún fún wa. Ata rẹ̀ pa mí lẹ́kún,
mo sì jẹ́ kó jẹ́ ata náà ni.

Bàbá wọn pè: táyà ti fọ́ ní Lọ́kọ́ja.
Yàrá wa ṣófo tó bẹ́ẹ̀
tí a bá wúkọ́, ògiri a dáhùn.
A tẹ́ ẹní. Òórùn ẹja yíyan ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí ọ̀sà.
Ṣàkírù ta jí, ó so mọ́ mi lọ́rùn nínú òkùnkùn:
“Màmá, ṣé a ti sọ̀?”
Màmá. Kì í ṣe Inna.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹní,
mo fi kan sìmẹ́ńtì. Ó tutù.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó sùn.

Nígbà tí mímí rẹ̀ balẹ̀,
mo na ọwọ́ tèmi náà,
mo fi kan ibẹ̀.